Bàbá rẹ̀ O, òun náà O: ṣé ó ti bára mu nìyẹn? Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àti ọmọ SS

ÌYÁ DÀMI, ARÁDÁ, ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. AS lèmi, AS ni bàbá àwọn ọmọ mi, a ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fẹ́ra. Ọmọ mẹ́ta la bí. Àkọ́bí AS, Dàmi tó tẹ̀ lé e SS, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbígbẹ̀yìn AA. Oyún oṣù méje tún wà nínú mi báyìí. Níbi tí a ti ń gba ìtọ́jú aláboyún, ọkùnrin kan wá bá wa sọ̀rọ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tí a fẹ́ bí, kí àwọn máa bá wa tọ́jú rẹ̀, pé òun ló máa wo Dàmi sàn. Owó tó pè kọjá agbára wa, àmọ́ bàbá wọn ti ń sọ pé òun á ta ilẹ̀. Ọ̀gá mi lọ́jà ní kí n má da owó nù, pé Dàmi O positive, bàbá rẹ̀ O positive, kí bàbá rẹ̀ kúkú fún un lẹ́jẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní tòun ni pé kò sẹ́ni tó máa gbé ibi ọmọ òun lọ síbì kankan. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

* * *

ARÁ LÁÀBÙ

Ẹ má ta ilẹ̀ o. Ọmọ méjì wà nínú ilé yín tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò bóyá wọ́n bá Dàmi mu, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀gá yín ọjà lóhùn, torí ohun tó sọ yìí ni mo máa ń gbọ́ jù nídìí iṣẹ́. Èèyàn á mú káàdì tí wọ́n kọ O positive sí wá, á nà án sí mi bí ẹni tó ti rí ojútùú ọ̀rọ̀. Gúrúpù ẹ̀jẹ̀ ṣe kókó bí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí èèyàn lára. Bó bá di pé a fẹ́ pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, HLA ni dókítà ń wá. Àwọn àmì kan ni, ara sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wà, àwọn lara fi ń dá tirẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ẹni tó jẹ́ A lè gba ti O, O sì lè gba ti B, àwọn dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń bójú tó o. Bó bá sì mú tán, gúrúpù ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbà á á yí padà di ti ẹni tó fún un. Nítorí náà káàdì yẹn ò sọ nǹkan kan fún wa.

Orí kúrómósóòmù kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn okùn àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, ni àkọsílẹ̀ HLA wà. Bàbá ní méjì, ọ̀kan ló máa fún ọmọ. Ìyá náà ní méjì, ọ̀kan lòun náà máa fún un. Ẹ pe ti bàbá ní pupa àti dúdú, ẹ pe ti ìyá ní funfun àti àwọ̀ ewé. Ọmọ kan á mú pupa pẹ̀lú funfun, òmíràn pupa pẹ̀lú àwọ̀ ewé, òmíràn dúdú pẹ̀lú funfun, òmíràn dúdú pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Ọ̀nà mẹ́rin péré ni. Bí Dàmi bá mú pupa àti funfun, bàbá rẹ̀ bá a mu ní pupa nìkan, ìyá rẹ̀ bá a mu ní funfun nìkan. Ìdajì ni òbí máa ń jẹ́ fún ọmọ, ìfẹ́ ò lè sọ ọ́ di odindi. Nínú ẹbí, ọmọ tí ìyá àti bàbá kan náà bí ló lè bá Dàmi mu délẹ̀, ìdá 25 nínú 100 sì ni ìrètí tó wà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjì lẹ ní yàtọ̀ sí Dàmi, ìyẹn á jẹ́ bí ìdá 44 nínú 100 pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn bá a mu. Ká ní mẹ́rin ni wọ́n, ì bá tó 68.

Ẹ má sì yọ àkọ́bí kúrò torí pé AS ni. Ọmọ AS lè fún ọmọ SS. Ẹ̀jẹ̀ Dàmi á wá máa ṣe bíi ti AS, bí ẹ̀yin òbí rẹ̀ ṣe ń rìn kiri yẹn.

* * *

ỌMỌ TAKÍÉ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ọ́ tán. Ohun témi gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ò nílò kó bára mu délẹ̀délẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí lẹ tún ń yẹ àwọn ọmọ wò sí? Kí wọ́n wá èyí tó bá wà nílẹ̀ lókè òkun, kí wọ́n gbé e wá.

* * *

ARÁ LÁÀBÙ

Òótọ́ wà nínú ohun tó o gbọ́, àmọ́ kò débi tó o gbé e dé.

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tí kì í ṣe ẹbí aláìsàn ló fẹ́ fún un, àmì 8 nínú 8 ni wọ́n máa ń fẹ́ kó bára mu, ibòmíràn ń ka 10. Ti ẹ̀jẹ̀ ìwọ́, 6 ni wọ́n ti ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀: HLA-A méjì, HLA-B méjì, DRB1 méjì. Bí 4 bá bára mu nínú rẹ̀, wọ́n lè lò ó, torí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàgbara inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ò tíì mọ ogun jà, wọn kì í tètè dojú kọ ara ẹni tó gbà wọ́n. Síbẹ̀ bó bá ṣe ń bára mu sí i ni ewu ń dín kù, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá fi ti ń wo HLA-C mọ́ ọn.

Ọdún 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún èèyàn, ní ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Paris, lábẹ́ dókítà Eliane Gluckman. Ọmọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ní Fanconi anaemia ni, àrùn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí mùdùnmúdùn ṣe ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n sì fún un. Wọ́n ti yẹ àbúrò yẹn wò nínú oyún, wọ́n ti mọ̀ pé ó bá a mu kí wọ́n tó bí i. Àwọn tó ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu kì í sọ apá yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń lo ti ẹni tí kì í ṣe ẹbí, àwa adúláwọ̀ sì jẹ nínú àǹfààní rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 fi hàn pé bí òyìnbó bá ń wá àgbàlagbà tó bá a mu 8 nínú 8 nínú ìwé orúkọ àwọn olùfúnni wọn, ìdá 75 nínú 100 ni ìrètí rẹ̀. Ti adúláwọ̀, 16 sí 19. A kì í fi bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀, HLA àwa ọmọ Áfíríkà sì tún yàtọ̀ síra ju ti ibikíbi lọ. Ṣeun Adébíyì, agbẹjọ́rò tó kàwé ní Yale, tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú ní 2009, ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ni wọ́n padà lò fún un. Òun ló wá dá ètò ìforúkọsílẹ̀ olùfúnni mùdùnmúdùn sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2012.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn o. SS kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbìyànjú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí fún àwọn ọmọ SS mẹ́jọ, ti márùn-ún nínú wọn kò mú. Wọ́n dá apá ìwádìí náà dúró, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ti ọmọ ìyá tó bára mu délẹ̀ ń kọ́? Ìwádìí 2013 tẹ̀ lé àwọn ọmọ SS fún ọdún mẹ́fà: ìdá 90 nínú 100 àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ ìyá wọn ni àrùn náà ò padà wá bá, ìdá 92 nínú àwọn tó gba mùdùnmúdùn. Ṣé o rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ kan ò dà bí òmíràn? Má sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kí ó wá èyí tó bá wà nílẹ̀.

Wọn kì í tún sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà kéré. Nínú ìwọ́ kan, mílílítà 50 sí 150 ni wọ́n sábà máa ń rí, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè padà lọ bu sí i. Ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ni sẹ́ẹ̀lì: ó kéré tán mílíọ̀nù 25 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara aláìsàn. Kóńgò àgbàdo kan lè tó gbin ẹ̀yìnkùlé, kò lè tó gbin oko. Ọmọ kékeré ló rọrùn fún. Torí àgbàlagbà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní Minnesota pé kí wọ́n máa pa ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ méjì pọ̀. Dàmi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ó ṣì ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yìnyín ò ní dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

* * *

ÀǸTÍ AGBẸ̀BÍ

Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹnu mi ò tíì fẹ̀yìn tì. Àwa ò ní tìtorí ẹ̀jẹ̀ tí ẹnì kan fẹ́ tọ́jú ká máa kánjú dì ìwọ́ ọmọ. Àjọ WHO ní ká dúró ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, kí ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ ti ọmọ wọ inú ọmọ. Mo ti rí àwọn tí wọ́n kó báàgì wá sí yàrá ìbímọ, tí wọ́n ń wo aago ju ìyá lọ.

* * *

ARÁ LÁÀBÙ

Mo wà lẹ́yìn yín, Àǹtí. Bí ẹ bá ṣe pẹ́ kí ẹ tó dì í, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó máa kù fún báàgì á ṣe kéré. Bí kò bá sí aláìsàn nínú ẹbí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ọmọ ló ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti yà díẹ̀ ni ilé tí ọmọ SS bá wà níbẹ̀, tí dókítà ìpààrọ̀ sì ti wà nínú ọ̀rọ̀. Níbẹ̀, kí òun àti agbẹ̀bí jọ sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kó má di pé inú yàrá ìbímọ ni wọ́n ti ń jiyàn.

Fún ìyá ọkọ: abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa fi fa ẹ̀jẹ̀ látinú iṣan ìwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e kúrò lára ọmọ. Kò dun ìyá, kò dun ọmọ. Ibi ọmọ á wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kó o fún yín, kí màmá sin ín bó ṣe yẹ. Mi ò rí ìjà kankan níbẹ̀.

* * *

BÀBÁ ÌBEJÌ

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà díẹ̀. Táíwò mi AA, Kẹ́hìndé SS. Inú kan náà, ọjọ́ kan náà. Ṣé Táíwò ò ti wà níbẹ̀ tán nìyẹn?

* * *

ARÁ LÁÀBÙ

Bàbá, ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an ló dá wa lóhùn. Bí ìbejì bá ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, ẹ̀jẹ̀ wọn ò lè jẹ́ AA àti SS. Ẹyin méjì ni tiyín. Ìdá 25 nínú 100 náà ni ìrètí yín, bíi ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ọdún mẹ́ta wà láàárín wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì wa. Igbó-Ọrà tó wà ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín ni gbogbo ayé ń wá wo, àwọn ìwádìí dókítà Nylander kà á sí bí ìbejì 45 nínú ìbí 1000. Ìbejì ẹyin kan kì í ju bíi 4 nínú 1000 lọ níbikíbi láyé. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ máa rí i pé ẹyin méjì ló kù. Bí ẹnì kan bá sì bí ìbejì ẹyin kan, tí ọ̀kan jẹ́ SS, èkejì náà á jẹ́ SS, wọ́n á bára mu tán, kò sì ní wúlò. Ẹ ṣáà yẹ Táíwò wò. Mo ti rí i tí ìbejì ò bára mu, tí ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé wọn wá bá a mu. Ẹ yẹ Ìdòwú náà wò bó bá wà.

* * *

ỌMỌ TAKÍÉ

Èmi ṣì ní ìbéèrè. Àwọn òyìnbó ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn nígbà kan, wọ́n ní wọ́n fẹ́ mọ bí ara wa ṣe rí. Ibo ni wọ́n kó o lọ? Ṣé a ò lè rí ẹni tó bá Dàmi mu níbẹ̀?

* * *

ARÁ LÁÀBÙ

HapMap lo ń sọ, iṣẹ́ àgbáyé lórí àbùdá èèyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002, Yorùbá Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ìwádìí ni. Wọn ò kọ orúkọ mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó lè pe ẹnikẹ́ni nínú wọn pé kó wá fún ọmọ kan ní mùdùnmúdùn. Gbogbo ayé ti jẹ àǹfààní rẹ̀, n kò sọ pé kò dáa, àmọ́ kò dà bí kí ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí i pè. Òwú ni wọ́n máa fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣé o ti ṣe é?

* * *

ỌMỌ TAKÍÉ

Rárá. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ Ìyá Dàmi.

* * *

ÌYÁ DÀMI

Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ọmọ tó wà nínú mi ń kọ́? Ṣé òun ò wúlò rárá?

* * *

ARÁ LÁÀBÙ

Ó lè wúlò, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí a tó ta ilẹ̀. Kó tó lè ran Dàmi lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ SS, ó sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Ìrètí pé kò ní jẹ́ SS jẹ́ 3 nínú 4. Ìrètí pé HLA rẹ̀ máa bára mu jẹ́ 1 nínú 4. Kúrómósóòmù kọkànlá ni ti SS wà, ìkẹfà ni ti HLA, ọ̀kan ò di èkejì lọ́wọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3 nínú 16, kò tó ìdá 20 nínú 100. Ẹni tó bá fẹ́ dájú ju èyí lọ, ṣáájú oyún ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni àwọn òbí Molly Nash, ọmọbìnrin kan tí òun náà ní Fanconi anaemia, ṣe ṣe é ní Amẹ́ríkà: nínú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti yan ọlẹ̀ tó bá a mu kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá. Wọ́n bí Adam ní 2000, ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oyún yín ti kọjá ibẹ̀.

Ọkùnrin yẹn á tún sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà á dáàbò bo ọmọ tuntun fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ rẹ̀ náà SS ni, kí ló máa fi ṣe? Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ò gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n máa sanwó tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń ra ìdánilójú. Ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ni ilé tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti ní àrùn tí ìpààrọ̀ lè wò. Ilé yín jẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ bi í bóyá ilé ìwòsàn kan wà tó máa gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì lò ó, ta ni dókítà ibẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mélòó ni wọ́n máa ń kà kí wọ́n tó fi í pamọ́, àti pé bó bá kéré, ṣé wọ́n á dá owó padà. Bó bá ń ṣe ẹnu méjì lórí èyí àkọ́kọ́, ẹ dá a padà.

Ẹ tún rántí pé bí ọmọ tuntun bá bá Dàmi mu tí wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ rẹ̀, ohun gbogbo ò bàjẹ́. Mùdùnmúdùn ṣì wà lára rẹ̀, bó bá dàgbà díẹ̀ ó ṣì lè fún un. Ní 2011 tí wọ́n ṣe é ní ilé ìwòsàn UBTH ní Benin fún ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan tó ní SS, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un, kò sí ọ̀rọ̀ ìwọ́ níbẹ̀. Ní 2025 ni ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó àti Sickle Cell Foundation Nigeria kéde pé àwọn náà ti ṣe é fún aláìsàn méjì.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ AA àti SS wò ò lè rí HLA. Bí láàbù kan bá ní òun á ṣe é fún yín lójú ẹsẹ̀, ẹ sá fún un. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ rí, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH tàbí ní UCH Ìbàdàn, kí ó kọ̀wé síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpààrọ̀.

* * *

BÀBÁ DÀMI

Èmi ni ọkọ rẹ̀. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Mo ní ọmọkùnrin kan ní Jos, ìyá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, AA ni, ó lágbára bí ẹṣin. Ó ní òun á fún àbúrò òun. Ṣé kí n pè é wálé?

* * *

ARÁ LÁÀBÙ

Ẹ kí i, ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ ọbàkan Dàmi ni, apá tiyín nìkan ló lè bá a mu. Ìrètí pé apá kan náà lẹ fún àwọn méjèèjì jẹ́ ìdajì. Ẹ̀yin fúnra yín bá Dàmi mu ní ìdajì láìsí àní-àní. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìdajì, ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, AS yín ò ní kó má ṣeé ṣe, àmọ́ wọ́n lè yẹ òun náà wò torí pé ọ̀dọ́ ni.

Ìdajì kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn mọ́. Àwọn dókítà Johns Hopkins ní Baltimore wà lára àwọn tó fi hàn pé bí wọ́n bá fún aláìsàn ní cyclophosphamide, oògùn líle kan tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàgbara tó fẹ́ dojú kọ ara, ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìpààrọ̀, ẹ̀jẹ̀ òbí tó bára mu ní ìdajì lè mú láìba ara ọmọ jẹ́. Látìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ti ń rẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Ó ṣì léwu ju ti ọmọ ìyá tó bára mu délẹ̀. Ìpààrọ̀ fúnra rẹ̀, irú èyí tó wù kó jẹ́, oògùn líle ni wọ́n máa fi pa mùdùnmúdùn àtijọ́ kọ́kọ́. Ó lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, àwọn kan sì ti kú sí i. Kì í ṣe gbogbo ọmọ SS ló yẹ kó gbà á. Ṣé Dàmi ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ rí? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún ni wọ́n ń dá a dúró ní ọsibítù? Ṣé ó ń lo hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora SS kù? Ohun tí dókítà á bi yín nìyẹn kó tó dárúkọ HLA.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ gbọ́dọ̀ mú dání. Ọmọ tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, ara rẹ̀ lè ti ṣe áńtíbọ́dì, ohun ìjà tí ara fi ń bá àlejò jà, lòdì sí HLA àwọn ẹlòmíràn. Bí ẹni tó bára mu ní ìdajì, tàbí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ tó bára mu ní 4 tàbí 5 nínú 6, bá ní àmì tí áńtíbọ́dì yẹn ń dọdẹ, ara á lé e jáde. Wọ́n máa yẹ ìyẹn wò lọ́tọ̀. Ẹ kó gbogbo ìwé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà sí Dàmi lára jọ, ti ọsibítù àti ti ilé ìwòsàn aládàáni, ọjọ́ tí wọ́n fà á àti iye páìǹtì. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà láìní in lọ́wọ́, wọ́n á ní kí ẹ padà lọ wá a.

* * *

BÀBÁ DÀMI

Ó wà nínú àpótí ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo rántí, ó ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti ń wá a. Ọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ ìwọ́ yẹn tún pè láàárọ̀ yìí, mo bi í pé ilé ìwòsàn wo ló máa lò ó, ó ní òun á pè mí padà.